Ẹ̀gúsí Tíṣà Adérógbà

Bàrà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ti fi kùmọ̀ fọ́ ọ tán, tí wọ́n kó o jọ sínú oko kí ó jẹrà, ó ní ọjọ́ tí fífọ̀ rẹ̀ máa ń pé. Bí ọjọ́ yẹn bá ti kọjá, ẹ̀gúsí inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lanu, á sì hù. Ẹ̀gúsí tó bá ti hù, kò sí oníbàárà tí yóò bèèrè iye rẹ̀ lọ́jà Igbó-Ọrà.

Ìdí nìyí tí Wúràọlá fi jí pẹ̀lú ojú líle láàárọ̀ Sátidé ọjọ́ náà. Nígbà tó yẹ òkìtì bàrà rẹ̀ wò lánàá, àwọn kan ti ń lanu lábẹ́ ewé tó fi bò wọ́n. Gbogbo ìyà tó fi òjò ọdún náà jẹ wà nínú òkìtì yẹn, láti orí ebè kíkọ títí dé orí ẹ̀yìn dídùn. Lónìí ni, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó parí. Ó sì ti sọ fún Rùkáyàt àkọ́bí rẹ̀ lálẹ́ àná pé àwọn méjèèjì ni wọn yóò jọ lọ sódò.

Àfi bí Rùkáyàt ṣe yọ láti inú yàrá nínú aṣọ ilé ìwé, tó pa irun mọ́, tó gbé báàgì kọ́ èjìká.

"Níbo?" ni Wúràọlá bi í.

"Lẹ́sìnnì ni, Màámi. Tíṣà Adérógbà ní òní la máa ṣe àtúnyẹ̀wò Gẹ̀ẹ́sì tó kẹ́yìn, gírámà àti sísọ lẹ́nu. Wọ́n ní ẹni tí kò bá wá, kí ó má wulẹ̀ wá mọ́."

"Mo sọ nǹkan fún ọ lálẹ́ àná tàbí n ò sọ?"

Ọmọ náà wo bàbá rẹ̀. Búrẹ́mọ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi àkàrà jẹ ẹ̀kọ. Mẹ́sẹ́ńjà ni ní kánsù. Fáìlì ló ń gbé láti yàrá dé yàrá, ṣùgbọ́n bí ó bá ń ròyìn iṣẹ́ rẹ̀ fún èèyàn, onítọ̀hún á rò pé òun ló kọ gbogbo ohun tó wà nínú wọn. Ó gbé àkàrà ẹnu rẹ̀ mì kó tó sọ̀rọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí òun máa ń fi ẹnu dídí sọ.

"Ẹ̀gúsí kọ́ ló máa bá a wọ gbọ̀ngàn ìdánwò," ó ní. "Ọmọ tí kò bá yege nínú Gẹ̀ẹ́sì, bó yege nínú ìwé mẹ́sàn-án yòókù, òfo ni. Ìyá Rùkáyàt, ṣé ò ń gbọ́ mi? Òfo!"

"Mo ń gbọ́. Ẹ jẹ́ kí ó bá mi fọ̀ ọ́ di ìyálẹ̀ta, kí ó wá máa lọ."

"Tíṣà ní kí wọ́n tètè dé."

"Ó dáa. Òní Sátidé, kánsù ò ṣí. Ẹ dìde kí a jọ lọ. Bí ẹ ò tiẹ̀ ní bọ́ sómi, ẹ bá mi fi kẹ̀kẹ́ kó apẹ̀rẹ̀ láti oko."

Búrẹ́mọ̀ wò ó láti òkè délẹ̀. "Èmi? Òṣìṣẹ́ ìjọba? Kí n wá ki ọwọ́ tí mo fi ń gbé fáìlì alága bọ inú bàrà jíjẹrà? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa dímú fún mi ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ Mọ́ńdè ni?" Ó yíjú sí ọmọ. "Rùkáyàt, sọ èyí tí wọ́n kọ́ yín lọ́jọ́bọ̀, kí ìyá rẹ gbọ́."

Rùkáyàt sọ gbólóhùn kan. Ó fi imú gbé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó fi eyín rún àárín rẹ̀, ó sì gbé ìparí rẹ̀ mì. Búrẹ́mọ̀ rẹ́rìn-ín títí ẹ̀kọ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á lórí. Kò mọ ohun tí ọmọ sọ, kò sì bèèrè. Ohun tó ń dùn mọ́ ọn ni pé ìyá Rùkáyàt náà ò mọ̀.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ lẹ́sìnnì Adérógbà ṣe rí ní ìlú náà lọ́dún yẹn. Ọkùnrin yìí ni ìjọba gbà láti kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ jáde ìwé mẹ́wàá ní Gẹ̀ẹ́sì. Bó bá wọ kíláàsì láàárọ̀, á kọ déètì sára pátákó, á jókòó, á máa fi ìgò ìnkì gún orí tábìlì. Ohun tí kò kọ́ wọn ní àárọ̀ ní ilé ìwé ló ń tà fún wọn ní ìrọ̀lẹ́ nílé rẹ̀. Nígbà tí àwọn tíṣà yanṣẹ́ lódì tí ìdánwò fi sún síwájú títí òjò fi mú bàrà gbó, oko ni òun lọ ní tirẹ̀, ó sì dáko ẹ̀gúsí tí ojú ò tó òpin rẹ̀. Síbẹ̀ àwọn òbí ń yìn ín. Wọ́n ní ó ní kásẹ́ẹ̀tì òyìnbó tó ń kọ́ni bí a ṣe ń pe ọ̀rọ̀, wọ́n ní òun nìkan ló ní irú ẹ̀ láti Èrúwà dé Tápà. Èèyàn kì í mọ iyì ohun tí ìjọba ti san owó rẹ̀, àfi tí wọ́n bá jí i gbé tí wọ́n tún wá tà á fún un.

Rùkáyàt lọ. Búrẹ́mọ̀ nu ọwọ́ rẹ̀, ó gbé kẹ̀kẹ́, ó lọ sí ìdí ayò ní ìsàlẹ̀ àdúgbò. Wúràọlá kó apẹ̀rẹ̀ àti agbada rẹ̀ jọ. Nígbà tó fẹ́ kọjá ìsọ̀ aránṣọ àdúgbò wọn, Salome, ìyá Fọlábí, gbé orí sókè lẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Fọlábí ọmọ rẹ̀ àti Rùkáyàt ni wọ́n jọ wà ní kíláàsì kan náà.

"Màmá Rùkáyàt, ẹ kú àárọ̀. Ẹ dákun, mo fẹ́ bi yín léèrè nǹkan kan. Ṣé Gẹ̀ẹ́sì máa ń rùn ni?"

"Báwo ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń rùn?"

"Ẹ̀yin náà ẹ bá mi wò ó. Bí Fọlábí bá ti lẹ́sìnnì dé, mi ò lè dúró tì í. Ṣòkòtò rẹ̀ á tutù dé orúnkún, á máa rùn bí nǹkan tó kú. Mo bi í, ó ní pírátíkà ni, ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fọwọ́ ṣe. Mo ní ṣé Gẹ̀ẹ́sì náà ní pírátíkà? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Rùkáyàt ńkọ́? Ṣé òun kì í rùn?"

Wúràọlá ronú. Ilé tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀gúsí, ta ni yóò mọ ara ẹni tí òórùn náà ti wá? Aṣọ tirẹ̀ ń rùn, apẹ̀rẹ̀ ń rùn, àní ẹní tí wọ́n ń sùn lé ń rùn. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ," ni Salome wí. Ó pa ẹ̀rọ rẹ̀ dé. "Ẹ jẹ́ kí n bá yín lọ. Aṣọ tí mò ń rán yìí, ẹni tó ni ín ò tíì parí ìjà tó máa bá ọkọ rẹ̀ jà kó tó wọ̀ ọ́."

Nígbà tí wọ́n ṣí ewé lórí òkìtì bàrà lóko, eṣinṣin gbéra bí èéfín. Wúràọlá bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ tú u. Àwọn tó ti hù pọ̀ ju ti àná lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ṣì dára. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Wọ́n kó èyí tí apá wọn ká sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé e rù, omi bàrà ń kán sí wọn lọ́rùn títí wọ́n fi sún mọ́ odò.

Kí wọ́n tó rí odò ni wọ́n ti ń gbọ́ ohùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ké nǹkan kan papọ̀, wọ́n ń dákẹ́, wọ́n tún ń ké e.

"Àwọn onígbàgbọ́ ló ń ṣèrìbọmi," ni Wúràọlá wí.

"Ìjọ wo ló ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣèrìbọmi ní Igbó-Ọrà?" ni Salome dáhùn.

Wọ́n yọ síbẹ̀. Ibi àwọn òkúta pẹlẹbẹ, níbi tí gbogbo obìnrin ti máa ń fọ ẹ̀gúsí nítorí omi ibẹ̀ mọ́, tí ó sì fẹ̀, àwọn ọmọ ilé ìwé ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Àwọn ọmọbìnrin inú wọn ti ká aṣọ ilé ìwé wọn sí itan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ nínú omi, wọ́n ń fi ọwọ́ ra ẹ̀gúsí. Àwọn ọmọkùnrin ń ru bàrà bọ̀ láti òkè, Fọlábí wà lára wọn, omi dúdú ń ṣàn gba ojú rẹ̀. Tíṣà Adérógbà jókòó lórí àpótí ní etí odò, ó ṣí agbòòrùn lé orí, ó gbé rẹ́díò oníkásẹ́ẹ̀tì sí ẹ̀gbẹ́ kan ó sì fi ọ̀rá bò ó kí omi má baà ta sí i. Rẹ́díò ò sọ ohunkóhun. Bátìrì rẹ̀ ti kú tipẹ́, gbogbo kíláàsì ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tíṣà fúnra rẹ̀ ló ń pe Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ ń gbè é.

Gírámà ọjọ́ náà, lórí fífọ̀ ni. Ohun tí mò ń fọ̀ lọ́wọ́. Ohun tí mo fọ̀ lánàá. Ohun tí mo ti máa fọ̀ tán kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ́ wọn láti fọ̀ lédè òyìnbó pọ̀ bí irun orí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń sọ pé àwọn ò fọ̀.

Rùkáyàt rí ìyá rẹ̀. Ó tẹ orí mọ́lẹ̀ sínú omi bí ẹni pé nǹkan rẹ̀ já bọ́ síbẹ̀.

"Tíṣà," ni Wúràọlá wí, apẹ̀rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀, "ẹ̀gúsí ta nìyí?"

Adérógbà yọjú lábẹ́ agbòòrùn, ó fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn. Ó gùn díẹ̀.

"Yorùbá ló fi bi yín," ni Salome wí.

"Màmá, ẹ má bínú. Ọ̀nà ìkọ́ni ìgbàlódé lẹ ń wò yìí. Bí ọmọ bá ń ṣe nǹkan lọ́wọ́, tó sì ń pè é ní Gẹ̀ẹ́sì, kò lè gbàgbé rẹ̀ láéláé. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílùú òyìnbó nìyẹn."

"Ṣé ẹ̀gúsí tíṣà wọn làwọn náà ń fọ̀ níbẹ̀?" ni Salome bi í.

Àwọn ọmọ kan fi ọwọ́ tútù bo ẹnu. Adérógbà wò wọ́n, wọ́n sọ ọwọ́ kalẹ̀. Wúràọlá ò rẹ́rìn-ín. Òórùn tó ti ń gbọ́ lára ọmọ rẹ̀ láti ìgbà tí lẹ́sìnnì ti bẹ̀rẹ̀, tó ń rò pé ti ara òun ni, ló dúró níwájú rẹ̀ yìí. Ọmọ tó ti sọ fún lálẹ́ àná pé kí ó bá òun gba ohun ìní ilé wọn là, ohun ìní ẹlòmíràn ló ń fọ̀, aṣọ funfun tí òun fi ọṣẹ òun fọ̀ ló sì wọ̀ sọ́rùn.

"Rùkáyàt, bọ́ sókè. Tiwa ń bàjẹ́. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn."

"Ó lè máa lọ," ni Adérógbà wí. Ohùn rẹ̀ tutù. "Mi ò de ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi ni máa gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ẹnu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ni máa sọ fún ọ̀gá ilé ìwé ẹni tó tó wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Ẹni tó bá kúrò nínú omi yìí lónìí, kó má sọ pé n ò sọ."

Salome wo Fọlábí, Fọlábí wo ìyá rẹ̀. Ẹnu Salome tó mú bí abẹ, ó la á, ó tún pa á dé. Ọmọ kan ṣoṣo ló ní.

"Màámi," ni Rùkáyàt wí, ohùn rẹ̀ ò ju ti kòkòrò lọ, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ."

Wúràọlá sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ pe Bàbá Rùkáyàt," ni Salome wí sí i létí. "Ẹnu ọkùnrin le ju tiwa lọ."

Ó sáré lọ. Wúràọlá jókòó ti bàrà rẹ̀, ó ń lé eṣinṣin. Ó mọ irú ẹni tí ọkọ rẹ̀ jẹ́, síbẹ̀ ó ń retí rẹ̀. Bí ọkùnrin bá tilẹ̀ burú dé ibi tó burú dé, ó rò ó lọ́kàn ara rẹ̀, bó bá rí àkọ́bí rẹ̀ tí wọ́n ń lò bí ìwọ̀fà, ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ á gbóná.

Ẹ̀jẹ̀ Búrẹ́mọ̀ gbóná lóòótọ́. Ó fi kẹ̀kẹ́ já gba inú igbó bọ̀, Salome ń sáré bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó jù ú sílẹ̀ láìdúró, ó yọ àyà síwájú. "Tíṣà!" ó ní. "Tíṣà, kí ni mò ń rí yìí?"

Àwọn ọmọ dẹ́kun iṣẹ́. Adérógbà dìde dúró, ó pa agbòòrùn dé. Ó sì tú Gẹ̀ẹ́sì lé ọkùnrin náà lórí, gbólóhùn kan ṣoṣo tó gùn bí ọ̀nà Ìbàdàn, ó lọ sókè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gé kọ́nà.

Àyà Búrẹ́mọ̀ padà sí àyè rẹ̀.

"Yẹ́ẹ̀sà," ó ní.

Adérógbà tún fi òmíràn lé e.

"Yẹ́ẹ̀sà. Tánkìú sà." Ó ti dọ̀bálẹ̀ dé ìdajì, ó fi ìka kan tọ́ ilẹ̀. "Ẹ má bínú sà. Àwọn obìnrin ò mọ nǹkan. Kí la lè ṣe báyìí sà, kí ọmọ yìí ráyè sún mọ́ rẹ́díò, kí ó lè gbọ́ ti òyìnbó yẹn dáadáa?"

Tíṣà ro ọ̀rọ̀ náà. "Bí ẹnì kan bá dúró fún un nínú omi," ó ní lédè Yorùbá, nítorí ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan iṣẹ́, ó fẹ́ kó yé e, "ó lè wá jókòó."

Búrẹ́mọ̀ bọ́ bàtà. Ó ká ṣòkòtò kánsù rẹ̀ sókè, ẹsẹ̀ kan, ìkejì. Ó bọ́ sómi, ó gba apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Nígbà tó ṣe ojú mẹ́rin pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké."

Ojú ti Wúràọlá ju bí inú ṣe ń bí i lọ, ó sì jẹ́ irú ìtìjú tí èèyàn kì í lè rò fún ìyá tó bí i. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rù. Òun àti Salome gba ẹ̀gbẹ́ odò lọ sí apá òkè, ibi tí omi ti há, tí òkúta ibẹ̀ sì mú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń fọ̀.

Kò pẹ́ tí omi dúdú bàrà wọn fi ṣàn dé ìsàlẹ̀. Wọ́n gbọ́ ohùn Adérógbà tó ń kígbe pé wọ́n ń ba ẹ̀gúsí òun jẹ́.

"Ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì bá omi sọ ọ́," ni Salome kígbe padà, "bóyá á gbọ́!"

Rùkáyàt jókòó ti rẹ́díò tí kò sọ̀rọ̀. Tíṣà ní níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ti ṣófo, kí ó bá òun di agbòòrùn mú. Ó dì í mú. Láti ibẹ̀ ló ti ń wo bàbá rẹ̀. Ọkùnrin tí kì í fọ abọ́ tó fi jẹun, ó ba sínú omi láàárín àwọn ọmọ tí wọ́n jọ ń kàwé, gírámà fífọ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀, òun náà ń gbè é, ó ń pe èyí tó mọ̀ àti èyí tí kò mọ̀. "Bàbá, ẹ fọ̀ ọ́ mọ́," ni Adérógbà wí. "Ìdọ̀tí ṣì wà lára èyí." "Yẹ́ẹ̀sà," ni bàbá rẹ̀ wí. Àwọn ọmọ yòókù yí ojú kúrò lára rẹ̀. Wọn ò fi í ṣẹ̀sín, ìyẹn gan-an ló burú jù. Wọ́n ń ṣàánú rẹ̀.

Rùkáyàt pa agbòòrùn dé. Ó rọra fi í lélẹ̀.

"Sà, mo ń lọ bá ìyá mi."

"Bí o bá lọ, má padà wá."

"Mo gbọ́, sà." Ó kúnlẹ̀ fún un, nítorí ilé tó ti wá, ó sì gbéra.

"Rùkáyàt!" ni bàbá rẹ̀ pè láti inú omi. "Rùkáyàt, ṣé orí rẹ dàrú ni? Torí rẹ ni mo ṣe wà níbí o!"

Kò wẹ̀yìn. Nígbà tó dé apá òkè, Wúràọlá gbé ojú sókè, ó rí i, ó sì sún díẹ̀ kí ó lè ráyè dúró. Wọ́n jọ fọ̀ ọ́ títí. Lẹ́yìn náà ni omijé ọmọ náà bọ́.

"Màámi, wọn ò ní jẹ́ kí n ṣe ìdánwò."

"Ó lè má jẹ́ kí o ṣe é lóòótọ́," ni Wúràọlá wí. Kò purọ́ fún un. "Bó bá di ọjọ́ Mọ́ńdè, èmi àti ìwọ la máa jọ lọ bá ọ̀gá ilé ìwé, o ó fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ sọ ohun tí o rí fún un, èmi ó sì dúró tì ọ́. Bí kò bá gbọ́, a ó mọ̀ pé kò gbọ́. Máa ra á, kí omi má gbé e lọ."

Oòrùn ti yẹ àtàrí kí wọ́n tó kó èyí tó kù ní oko wá fọ̀ tán. Èyí tó ti hù, wọ́n dà á sómi. Èyí tó dára kún agbada ńlá méjì, ó funfun, ó ń dán. Wúràọlá gbé ọ̀kan, Rùkáyàt gbé èkejì, Salome kó apẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà ilé ò gba ibòmíràn, ibi òkúta pẹlẹbẹ náà ló gbà kọjá.

Tíṣà ti sùn lórí àpótí rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Gírámà ti dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n fífọ̀ ò dáwọ́ dúró. Salome fi ojú wá Fọlábí, ó rí i lẹ́yìn àwọn tó ń ru bàrà, ó sì gbé ojú rẹ̀ kúrò. Búrẹ́mọ̀ wà níbi tó wà. Ó rí wọn, ó fẹ́ nàró, ẹ̀yìn rẹ̀ ò gbà fún un. Ó ń dúró kí ìyàwó rẹ̀ bú òun, ó sì ti ní èsì rẹ̀ lẹ́nu.

Wúràọlá dúró. Agbada wà lórí rẹ̀, kò lè kúnlẹ̀ tán, ṣùgbọ́n ó tẹ orúnkún díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọlúwàbí ṣe máa ń ṣe bó bá ń kọjá lẹ́bàá ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ nínú oko olóko.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó ní.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàámi," ni Rùkáyàt wí lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn ọmọ inú omi gbé orí sókè, wọ́n ń wo ẹnu Búrẹ́mọ̀. Ẹni tí wọ́n bá kí lẹ́nu iṣẹ́, kò sí bí kò ṣe ní dáhùn.

"Òo," ni Búrẹ́mọ̀ wí, ó sì tún tẹ̀ mọ́ ẹ̀gúsí tíṣà.